Igun yàrá, tábìlì tó ń ká mọ́ ògiri, àti ìtì igi kan: bí mo ṣe ṣe ibi iṣẹ́ awọ mi sínú ilé

Àyè tí mo ní ò ju sẹ̀ǹtímítà 120 lọ ní ìbú. Wọ́dúróòbù wà lápá ọ̀tún, fèrèsé wà lápá òsì, ògiri tó wà níwájú sì rèé, ọmọ ló ń sùn lódì kejì ẹ̀. Ẹ fi ti ògiri yẹn sọ́kàn o, torí òun ló dà mí láàmú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Kí n tó gba igun yẹn, orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, èèyàn ò tíì gé awọ dé ìdajì wọ́n á ní ẹ kó ẹrù yín kúrò a fẹ́ jẹun, màá kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì, tó bá dalẹ́ màá tún kó o jáde, màá wá máa wá ìdérí ìda oyin, màá wá rúlà, abẹ́rẹ́ méjì ló sọnù báyẹn, ọ̀kan nínú wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ ìyàwó mi ló bá wa wá a rí. Ọjọ́ yẹn gan-an ló fọwọ́ ara ẹ̀ fi igun yàrá hàn mí, ó ní kí n máa lọ bá òwò mi níbẹ̀.

Wọ́lẹ́ẹ̀tì, àkọ̀ ọ̀bẹ, àti bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń ṣe, ọwọ́ ni mo fi ń rán gbogbo ẹ̀, mi ò ní maṣíìnì mi ò sì fẹ́.

Kí n tó ra pákó kankan

Ohun tó wà lọ́kàn mi tẹ́lẹ̀ ni tábìlì gbàǹgbà tó máa gba igun yẹn tán pátápátá, 120 sí 70, dúrọ́ọ̀ mẹ́ta lábẹ́ ẹ̀. Mo ti ya á sórí pépà. Ọ̀gá tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán awọ wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Nínú gbogbo iṣẹ́ tó o máa ń ṣe, èwo ló nílò tábìlì níbẹ̀?" Mo ní gbogbo ẹ̀ ni sà. Ó ní kí n lọ ka àkókò wò ná kí n tó dá òun lóhùn.

Mo bá gbé fóònù síbi tí mo ti lè máa wo aago, mo ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbà mí tó wákàtí mẹ́fà. Gígé, ìṣẹ́jú 40. Gọ́ọ̀mù àti dídúró dè é kó gbẹ, bíi ìṣẹ́jú 50. Lílu ihò ò tó 20. Ìrán nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí mẹ́ta, èyí tó kù jẹ́ fífá igun etí awọ àti dídán an. Ìgbà tí mo wá jókòó wo nǹkan tí mo kọ ni mo rí i pé ìrán tó gba ìdajì àkókò yẹn, mi ò fọwọ́ kan tábìlì rárá. Orí àga ni mo wà, awọ wà láàárín itan mi.

Kódà tábìlì máa ń dí ìrán lọ́wọ́ ni. Abẹ́rẹ́ méjì ló wà létí òwú kan ṣoṣo, ọ̀kan ń gba ọ̀tún wọlé, ọ̀kan ń gba òsì, inú ihò kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà kọjá, tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fà á le ẹ̀ẹ́ ya apá méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni fẹ́ gbá èèyàn mọ́ra. Òwú ọ̀hún gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin ibi tẹ́ ẹ fẹ́ rán, ibi tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, òwú á tó 120, ẹ wá wo bí apá ṣe máa ya tó kó tó tán nílẹ̀. Láàárín wọ́dúróòbù àti fèrèsé? Ìgbọ̀nwọ́ mi ò bá ti di ọgbẹ́.

Bí tábìlì ṣe kéré dé 80 sí 50 nìyẹn. Òfin tí mo wá fi lélẹ̀ fún ara mi ni pé iṣẹ́ tí mo bá fẹ́ ṣe lórí tábìlì, ìdúró ni màá ṣe é, iṣẹ́ tí mo bá fẹ́ jókòó ṣe, kò ní kan tábìlì, ojú ni màá kọ sí àárín yàrá níbi tí apá ti lè ya bó ṣe wù ú.

Sátidé àkọ́kọ́: tábìlì

Pùláíwúùdù mìlímítà 18 ni mo lò. Àbúrò mi tó mọ iṣẹ́ káfíńtà díẹ̀ wá bá mi dì í mú. A kan igi gbọọrọ kan mọ́ ògiri, a fi híńjìsì mẹ́ta so pákó mọ́ ọn, a wá fi irin méjì tó ń ṣẹ́ po gbé e dúró lábẹ́, kó lè jẹ́ pé tí mo bá ti tẹ irin yẹn tábìlì á ká wálẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri, kò ní yọ síta ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ lọ.

Gíga ẹ̀ la jà sí jù. Àbúrò mi ní 75 ni gbogbo tábìlì máa ń ga, mo ní tàwọn tó ń jókòó nìyẹn. Èmi dúró, mo ká apá mi, a wọn ìgbọ̀nwọ́ sí ilẹ̀, ó jẹ́ 105, a yọ 13 kúrò, a kàn án sí 92. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gé awọ lórí tábìlì kúkurú rí mọ̀ ohun tí mò ń sọ, kì í ṣe ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń rẹ èèyàn, ìbàdí ni. Tí èèyàn bá sì dúró dáadáa, gbogbo apá ló máa fi fa ọ̀bẹ, ìlà á tọ́ ju kó jẹ́ ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Orí ẹ̀ ni máàtì rọ́bà tí wọ́n fi ń gé nǹkan wà, èyí tí ojú ọ̀bẹ ò ní bà jẹ́. Mi ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì, ẹ máà lẹ̀ ẹ́ o, torí ó dáa kẹ́ ẹ lè máa yí máàtì po pẹ̀lú awọ lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gé ibi tó tẹ̀ bí ọrun, dípò kí ara yín máa yí.

Sátidé kejì: ariwo

Inú mi dùn sí tábìlì yẹn títí di alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lu ihò lórí ẹ̀. Irin eléyín tí a fi ń sàmì ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà, hámà onírọ́bà la fi ń lù ú lórí, kò yẹ kó pariwo púpọ̀. Ìlù àkọ́kọ́, gbòà! Ìkejì, gbòà! Mi ò tíì lu ẹ̀kẹta tí mo ti ń gbọ́ igbe ọmọ.

Ẹ̀bi mi ni. Nǹkan tẹ́ ẹ bá fi sukúrúù dè mọ́ ògiri ti di ara ògiri, ẹ̀ẹ́ máa lu tábìlì ni ògiri á máa dáhùn, odindi ògiri wá di awọ ìlù. Mo gbé òkúta sórí tábìlì, kò gbọ́. Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tí mo ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mẹrin sábẹ́ òkúta, ariwo dínkù lóòótọ́ àmọ́ irin ò wọlé dáadáa mọ́, ó ń fò bí ẹni pé orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń lu nǹkan. Ibi tó bá ń jì, gbogbo agbára yín ibẹ̀ ló ń gbé lọ.

Ohun tó yanjú ẹ̀ ni ìtì igi. Wọ́n gé igi kan lulẹ̀ nítòsí wa, mo tọrọ gígé kan níbẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 45 ní gíga, ìbú ẹ̀ bíi 30. Mo bó èèpo ẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa (ó sán díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ṣe nǹkan kan), mo fi sáńdípépà pa orí àti ìdí ẹ̀ títí tó fi jókòó láìmì. Rọ́bà dúdú nínípọn wà lábẹ́ ẹ̀, kò fara kan ògiri níbì kankan. Orí ẹ̀ ni mo gbé òkúta giránáìtì kan sí, àjákù tí àwọn tó ń ṣe orí kántà kíṣìnì ti gé kúrò, 30 sí 30, nínípọn ẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ó wúwo tó bíi kílò méje. Orí òkúta ni pátákó onírọ́bà líle wà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe lu irin eléyín lé òkúta lórí ní tààrà, ẹ̀ẹ́ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré ni, eyín á ká, owó yín á wọgbó.

Báyìí ìró yẹn ti di "pó" kékeré. Irin mi ń lu eyín mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, mìlímítà mẹ́rin ló wà láàárín eyín kan sí èkejì, mo tún ní oníeyín méjì fún ibi tó bá tẹ̀. Ilẹ̀ lásán ló wà lábẹ́ yàrá tiwa o. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ wà, tí èèyàn wà nísàlẹ̀, ẹ fi irin yẹn tẹ àmì sórí awọ lásán, ẹ má lù ú wọlé, kẹ́ ẹ wá máa fi ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró yẹn, dá ihò yẹn níkọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe ń rán an lọ. Ó lọ́ra, àmọ́ kò ní ariwo kankan, àwọn àgbà oníṣẹ́ awọ tiẹ̀ gbà pé ìrán tí wọ́n fi ìlu dá ihò ẹ̀ máa ń lẹ́wà jù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wá àga ni mo wá rí i pé 45 yẹn, gíga àga ni. Tí mo bá lu ihò tán, màá gbé òkúta kúrò, màá ju tìmùtìmù sórí ìtì igi, mo ti ní ìjókòó nìyẹn. Òkúta náà kì í jókòó lásán, orí tábìlì ló ń lọ, ó ń tẹ awọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ mọ́lẹ̀. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ o, ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀mú onígi

Èyí ló kéré jù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ̀mú tó ń di awọ mú láàárín itan kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè rán nǹkan. Pákó méjì, gígùn 40, ìbú 8, mo gbé igi kékeré kan sáàárín wọn nísàlẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù igi àti sukúrúù dì í, òkè wọn ló ṣí sílẹ̀ bí ẹnu. Níbi ìdá kan nínú mẹ́ta láti òkè mo lu ihò kan gba àwọn méjèèjì, mo ti bóòtù bọ̀ ọ́, nọ́ọ̀tì ẹlẹ́tí méjì ni mo fi dè é kí n lè máa fi ìka yí i. Mo ki sípíríǹgì bọ àárín wọn lára bóòtù yẹn kó lè máa lanu fúnra ẹ̀ tí mo bá tú u. Gbogbo ẹ̀ wá dúró lórí pákó pẹrẹsẹ kan, 50 sí 20, tí mo máa ń jókòó lé.

Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mi ò fi nǹkan kan bo ẹnu ẹ̀. Àkọ̀ ọ̀bẹ tí mo kọ́kọ́ rán nínú ẹ̀ gba àpá igi méjì gbọọrọ sí ojú, àpá yẹn ò lọ mọ́ títí dòní. Mo bá lẹ awọ rírọ̀ sí ẹnu ẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn awọ ló kọjú síta.

Ọjọ́ tí awọ mi yọ ojú dúdú

Mo fẹ́ sọ èyí dáadáa torí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń kan nǹkan tó tún ń ṣiṣẹ́ awọ lójú kan náà.

Bóòtù ẹ̀mú yẹn gùn jù, mo bá fi ayùn irin gé e lórí tábìlì, mo fi fáìlì pa á, mo gbá eruku irin ẹ̀ dànù, ó kéré tán èmi rò pé mo gbá a tán. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo rẹ awọ kan sómi díẹ̀ kí n lè tẹ ọnà sí i, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì níbẹ̀, mo lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo rí i tó ní tóótòòtó dúdú bíi aró káàkiri ẹ̀yìn àti ojú ẹ̀, bí ẹni tí ìgbóná kọlù.

Irú awọ tí mo ń lò, omi èèpo igi ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà krómíọ̀mù ṣe. Oje kíkorò tó wà nínú èèpo igi yẹn, tó bá pàdé irin níbi tí omi bá wà, dúdú ló máa ń dà. Yíǹkì dúdú ayé àtijọ́, nǹkan kan náà ni. Àwọn oníṣẹ́ awọ kan tiẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n á ju irin sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á wá fi omi ẹ̀ pa awọ láró dúdú, kò sì ní ṣí. Èmi kàn ṣe tèmi láìmọ̀ ni.

Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, mo fi aṣọ mímọ́ rọra pa á, àwọn tóótòòtó yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lójú mi, mo fi omi lásán ṣan án lẹ́yìn ìyẹn kí oje ọsàn má báa dúró sínú awọ. Méjì tàbí mẹ́ta ṣì kù tó rí fírífírí. Àtìgbà yẹn, ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ gígé irin, ìta ni, kò sí àwíjàre. Kí n tó tẹ́ awọ tútù sílẹ̀ màá sì fi aṣọ ọ̀rinrin nu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

Iná, irinṣẹ́, gọ́ọ̀mù

Gílóòbù àárín yàrá ò wúlò fún iṣẹ́ yìí, ẹ̀yìn mi ló wà, òjìji orí ara mi ló ń bọ́ sórí nǹkan tí mò ń gé. Mo gbé iná ọlọ́rùn gígùn kan mọ́ apá òsì torí ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń lò, mo wá tẹ orí ẹ̀ wálẹ̀ kó máa tàn gba ẹ̀gbẹ́. Iná tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá ló máa ń jẹ́ kéèyàn rí ìlà tín-ínrín tó fà sójú awọ, èyí tó bá ti òkè wá tààrà ńṣe ló ń pa á rẹ́.

Irinṣẹ́ ò pọ̀, ara ògiri ni wọ́n wà, lókè tábìlì. Mo gé awọ àjákù kan ní ìbú mẹ́rin, mo fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́ pákó, mo ń fà á sókè díẹ̀ láàárín ìṣó kan sí èkejì kó lè ṣe bí ìkọ́, ibẹ̀ ni mo ń ti ọ̀bẹ, ìlu, irin eléyín àti ohun ìfá-etí bọ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ awọ máa ń mú kí irin dógùn-ún tó bá pẹ́ nínú ẹ̀, nítorí náà mo máa ń fi òróró díẹ̀ pa wọ́n lójú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni pátákó ìpọ́nbẹ mi kọ́ sí, awọ àjákù tí mo lẹ̀ mọ́ igi, tí mo fi ọ̀dà líle aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń dán irin kùn ún. Tí mo bá ti gé nǹkan bíi mẹ́wàá, màá fa ọ̀bẹ lórí ẹ̀ sẹ́yìn (ẹ̀yìn o, ẹ má tì í síwájú, ẹ̀ẹ́ gé pátákó ni), ìṣẹ́jú kan ò ní pé. Ká sọ tòótọ́, èmi ò mọ irinṣẹ́ tó wúlò ju ìyẹn lọ nínú gbogbo ẹ̀.

Awọ tó kù, mo ká wọn rogodo, ojú wọn síta, mo tì wọ́n sínú páálí gbọọrọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣẹ́ awọ po, ibi tó bá ti ṣẹ́ kì í padà, ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá, ó nílò afẹ́fẹ́, tí kò bá rí i á bu bíi búrẹ́dì ni. Oòrùn náà, ẹ ṣọ́ra. Mo gbàgbé awọ kan síbi fèrèsé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, rúlà wà lórí ẹ̀, ìgbà tí mo gbé rúlà kúrò mo rí àwòrán rúlà tó mọ́ kedere, gbogbo awọ tó yí i ká ti pọ́n bí ẹni yan án.

Ti gọ́ọ̀mù ò ní gùn. Èyí tó ń rùn gan-an tí àwọn oníbàtà ń lò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó mú nǹkan dáadáa, àmọ́ òórùn ẹ̀ wọ inú wọ́dúróòbù, ìyàwó mi wọ aṣọ jáde lọ́jọ́ kan ó ní òun ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù ṣúmékà. Kò sì dáa kéèyàn máa fà á símú nínú yàrá kékeré. Mo ti yí sí gọ́ọ̀mù funfun olómi, kì í tètè gbẹ, ìdí nìyẹn tí òkúta fi ní iṣẹ́ lórí tábìlì.

Ibi tó dé báyìí

Láti ìgbà tí mo bá ti ní mo fẹ́ ṣíwọ́ dé ìgbà tí igun yẹn máa padà di ògiri, ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo wò ó láago. Wọ́lẹ́ẹ̀tì tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo lu ihò ẹ̀, ọmọ ò yíra padà.

Èyí tí mi ò tíì yanjú ni bẹ́líìtì. Okùn bẹ́líìtì kan lè gùn dé 130, tábìlì 80 ò lè gbà á, mo bá ra pákó gígùn kan tí mo ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí n kúnlẹ̀ gé e, tí mo bá gé e tán màá fi í sẹ́yìn wọ́dúróòbù. Ibẹ̀ ò gbà á dáadáa, ó ti yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì orí èjìká mi ló bà. Mo ti ra ìkọ́ méjì tó máa gbé e dúró, Sátidé tó ń bọ̀ ni màá kàn wọ́n mọ́ ògiri, tí ọmọ bá ti jí.